Ó Dọ̀bálẹ̀, Ó sì Kọ̀

Gbogbo ọ́fíìsì wa ní Ìkòsí ló mọ̀ pé mo le. Àwọn tó fẹ́ràn mi ń pè mí ní Mummy Fáṣínà. Àwọn tí kò yege lọ́wọ́ mi ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè mí, mo mọ orúkọ náà, n kò sì bínú sí i. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò gba kí gbogbo ayé fẹ́ràn mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Páìpù irin kì í dúró sójú kan. Bí ohun gbígbóná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó máa ń gùn sí i. Bí ohun tútù bá ń gba ibẹ̀, ó máa ń sún kì. Ó lè má ju ìbú àtàǹpàkò lọ, ojú lásán sì lè má rí i, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ṣe é lè fa ẹ̀rọ tu kúrò nídìí. Iṣẹ́ àwa tí à ń ṣírò ìnira páìpù ni láti mọ ibi tí a ó ti dè é mọ́lẹ̀ àti ibi tí a ó ti fún un láyè kó rìn. Kọ̀ǹpútà ń bá wa ṣírò, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ohun tí o bá sọ fún un ló máa gbà. Nítorí náà, kí ẹnjiníà kankan tó lè fọwọ́ sí irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ nílé iṣẹ́ wa, èmi ni mo gbọ́dọ̀ dán an wò kí n mọ̀ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀.

Apá méjì ni ìdánwò mi ní. Àkọ́kọ́ ni ìṣírò, ìyẹn ò le jù fún ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀. Èkejì ni pé èmi àti ẹni náà yóò jókòó kojú ara wa, a ó máa sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó ṣe. Láàárín ọ̀rọ̀ yẹn, mo máa ń pa irọ́ kan. Irọ́ gidi ni o, pẹ̀lú ojú líle, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹni náà bá gba irọ́ yẹn, ó ti kùnà, ìbáà ṣe pé ìṣírò rẹ̀ pé pérépéré. N kì í sì í sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnì kan pẹ́nrẹ́n, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́.

Ẹ má rò pé ìwà ìkà ni. Mo ti rí ẹnjiníà kan tó mọ ìwé dáadáa, tí alága ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ sọ fún pé òun ò fẹ́ràn bí páìpù omi gbígbóná kan ṣe ń mì lókè orí òun, pé kó dè é mọ́ ògiri. Ẹnjiníà ní, “Yes sir.” Kò pẹ́ sígbà yẹn tí páìpù náà fi ya níbi ìsopọ̀, tí omi gbígbóná sì bó òṣìṣẹ́ kan lápá. Ó dùn mí débi tí n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹnjiníà yẹn mọ̀ pé kò yẹ kó dè é. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojú ló ń tì í láti sọ fún àgbà pé rárá. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti kékeré pé kò dára kéèyàn já àgbalagbà nírọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń wá ẹnjiníà gidi.

Báyìí ni mo ṣe ko Wàsíù.

Ọmọ onílẹ̀ Ìkòsí ni Wàsíù. Ìyá rẹ̀, Hùmúàní, ń ta tòmátì ní Mile 12, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, màmá yẹn sì kọ́ ọ dójú àmì. Bí Wàsíù bá kí ọ, ìwọ náà á mọ̀ pé wọ́n kí ọ. Kì í ṣe ìkíni òde òní tí ọmọkùnrin á kàn fi ìka ọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà Wàsíù ló máa ń kan ilẹ̀. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá tó ń gbá ọ́fíìsì wa. Lọ́jọ́ kan mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo rí i tó ń wọ̀tún wòsì, tó ń wá ibi tó máa nà sí. Mo ní, “Wàsíù, jọ̀ọ́, máa lọ, mo ti gbà á.”

Ẹ̀bùn iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Bó bá wo àwòrán páìpù, ó máa ń tọ́ka síbi tí yóò ti dun páìpù náà kó tó tan kọ̀ǹpútà rárá. Ṣùgbọ́n ní èṣí, nígbà tó ṣe ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́, mo sọ fún un pé bí páìpù bá ṣe nípọn sí i náà ló ṣe máa ń rọrùn láti tẹ̀ tó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìṣírò tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà lórí tábìlì, ó ń sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Wàsíù wo ìṣírò náà, ó wo ojú mi, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Mo kọ ọ́ pé ó kùnà. Ó sì dùn mí wọra, nítorí n kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó rò pé ìwé lòun ò mọ̀ tó. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Gbogbo ọdún yẹn ni mò ń rí i pẹ̀lú ìwé lábíyá, tó ń kó ọgbọ́n tí kò ṣaláìní jọ, tí mo sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo èèyàn tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ náà ò sí.

Ní ọdún yìí, Ọ̀gá Junaid, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ wa, pè mí sí yàrá rẹ̀. Magodo ni Ọ̀gá ń gbé, ó mọ owó ṣe, ó sì láàánú, àmọ́ kì í fi nǹkan falẹ̀.

“Mummy, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sign stress report nílé iṣẹ́ yìí,” ó wí. “Ẹ sì ti sọ pé ẹ fẹ́ lọ sinmi lọ́dún tó ń bọ̀. Wàsíù ńkọ́?”

“Ó máa tún ìdánwò ṣe lósù yìí, Ọ̀gá.”

“Kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá tún fail, mo máa gbé e lọ sí procurement, kó máa bá wa ra ọjà. Mo máa wá ẹlòmíì láti ìta. Mi ò lè máa dúró dè é títí láé.”

Mo sọ̀rọ̀ náà fún Wàsíù bó ṣe jẹ́, nítorí kò dára kéèyàn wọ ìdánwò láìmọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn sọ pé, “Mummy, iṣẹ́ yìí nìkan ni mo fẹ́ ṣe láyé mi.” Bó ṣe sọ ọ́ wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbàdúrà fún un, èmi tí mo fẹ́ pa irọ́ fún un láìpẹ́.

Iṣẹ́ gidi ni mo fi ṣe ìdánwò náà. Àwọn oníṣòwò kan para pọ̀ láti kọ́ kóòdù-rúùmù ńlá, ìyẹn ilé tó ń mú nǹkan tutù, sẹ́bàá Mile 12, kí tòmátì àti ata tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ má baà máa bàjẹ́ kí wọ́n tó rí tà. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní compressor máa wà nílẹ̀, páìpù á ti ibẹ̀ gun òkè, á sùn gbọọrọ lórí òrùlé pẹrẹsẹ tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀ sínú àwọn yàrá. Amóńíà, gáàsì tó ń mú yàrá tutù, ló máa wà nínú páìpù náà. Ẹni tó bá ti gbóòórùn amóńíà rí kò ní gbàgbé. Ó ń ta ojú, ó ń dí èémí, bó bá sì pọ̀ ó ń pa èèyàn. Ẹ wá wo irú èrò tó máa ń wà ní Mile 12. Ìdí nìyẹn tí ìṣírò rẹ̀ ò fi gbọdọ̀ ní àbùkù kankan.

Èmi ni mo ya àwòrán páìpù náà, èmi ni mo ṣírò rẹ̀. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin rẹ̀ pọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìdánwò. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i lábẹ́ orúkọ mi. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún Wàsíù ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ní kó lọ ṣe ìṣírò tirẹ̀, pé tí a bá pàdé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó sì yege, òun ni yóò fọwọ́ sí i. Ojú rẹ̀ tàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà bí ẹni gba ọmọ tuntun.

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, Ọlámidé, ẹnjiníà ẹ̀ka iná mànàmáná, wá jókòó tì mí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, nítorí òfin wa ni pé èmi nìkan ò gbọdọ̀ dán èèyàn wò. Wàsíù wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọlámidé tí kò ju òun lọ dáadáa. Ọlámidé fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

A bẹ̀rẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ń dáhùn. Ibi tí àwọn mìíràn ti máa ń sọ pé “kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀,” òun ń sọ ìdí tí kọ̀ǹpútà fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì dé ibi tó wà. Nígbà tó tó àkókò, mo fa àwòrán náà sọ́dọ̀ mi, mo fi bírò kan ẹ́líbò tó wà lókè ẹ̀rọ, níbi tí páìpù ti ṣẹ́rí sórí òrùlé. Mo mú ojú mi le.

“Mo ti ronú sí ibí yìí,” mo wí. “Ká fi anchor sídìí elbow yìí gan-an, ká dè é pa, kó má lè mira. Elbow tó ń mì ló máa ń ba páìpù jẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, ká lè máa lọ.”

Irọ́ funfun báláú ni. Ẹ́líbò yẹn ni páìpù náà fi ń tẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá ń sún kì. Bí a bá dè é, gbogbo fífà rẹ̀ yóò lọ sí ẹnu ẹ̀rọ.

Wàsíù ò gbé bírò. Ó ń wo àwòrán náà. Mo rí i tí òógùn ń yọ lórí imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Nínú ọkàn mi mo ń sọ pé, Wàsíù, jọ̀ọ́. Má sọ ọ́. Má sọ “bẹ́ẹ̀ ni, mà” fún mi lónìí.

Ló bá dìde. Ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó jáde sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó sì nà gbalaja sórí táìlì.

Ọlámidé ní, “Ha! Kí ló dé?”

“Mummy, ẹ má bínú,” Wàsíù wí láti ilẹ̀. “Mo bẹ̀ yín. Mi ò lè fi anchor síbẹ̀ yẹn.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n jù yín. Ṣùgbọ́n elbow yẹn ló ń jẹ́ kí páìpù yẹn ráyè tẹ̀. Tá a bá dè é, ẹnu compressor ló máa fà. Ó máa ya, mà. Gas yẹn á jáde sáàárín èèyàn.”

Inú mi ti ń dùn, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ tì í dé òpin. Mo gbé ohùn sókè. “Wàsíù! Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi?”

“Rárá o, mà. Mo dọ̀bálẹ̀, mà.” Ó tún tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. “Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é.”

Ẹ gbà mí. Láti ọdún tí mo ti ń dán àwọn èèyàn wò, ohun tí mo ti ń dúró dè ni ẹni tí yóò na àyà, tí yóò wo ojú mi kòró, tí yóò sọ pé mo ṣì í. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èèyàn lè dojú bolẹ̀ kó sì le bí òkúta. Màmá àgbà tó tọ́ ọmọ yìí ò tọ́ ọ dànù. Èmi ni mo ń wá “rárá” lójú, nígbà tí “rárá” ti Wàsíù wà nílẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. “Dìde, ọmọ mi. O ti yege. Ìdánwò ni ọ̀rọ̀ elbow yẹn, irọ́ ni mo pa. Dìde, wá gba bírò, kí o wá fọwọ́ sí i.”

Ọlámidé pàtẹ́wọ́. Mo yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ Wàsíù, mo fi bírò lé e lórí, ní ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fọwọ́ sí.

Wàsíù ò dìde.

“Mummy, ẹ tún fi orí jì mí,” ó wí. “Mi ò lè fọwọ́ sí i.”

“Mo ní ìdánwò ni! Kò sí anchor níbẹ̀, wo drawing náà.”

“Kì í ṣe ti elbow, mà. Temperature ni.”

Mo ní, “Temperature wo?”

Ó gbé orí sókè díẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táìlì. “Twenty-one tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, mà. Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń jó páìpù pọ̀, twenty-one degrees ló máa wà. Mo lọ sórí òrùlé yẹn ní Mọ́ńdè, lọ́sàn-án. Páìpù tí wọ́n ti kó síbẹ̀ wà nínú oòrùn. Mo gbé thermometer lé e. Forty-six ni, mà. Mi ò lè dì í mú.”

Mo gbọ́ alábàrù kan tó ń pariwo lójú títì nísàlẹ̀ pé kí wọ́n yà fún òun.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí. Àwọn tó ṣe ètò tí à ń lò nínú kọ̀ǹpútà, ìlú olótùútù ni wọ́n ń gbé. Iye tí wọ́n gbà pé páìpù máa ń wà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mọ́kànlélógún, ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá. Bí o kò bá yí i padà, òun ló máa lò. Páìpù gbígbóná ni mo ti fi gbogbo ayé mi ṣe, ti omi sísè àti ti òróró. Fún páìpù gbígbóná, iye yẹn kì í pa èèyàn lára. Ó máa ń mú kí ìrìn páìpù dà bíi pé ó pọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ, kí èèyàn sì túbọ̀ ṣọ́ra. Nítorí náà ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára kí n má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n páìpù tútù ni ti Mile 12. Ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì ni ooru oòrùn Èkó, kì í ṣe ibi tí àwọn ará ìlú olótùútù wí. Fífà rẹ̀ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí mo kọ sílẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan. Irọ́ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ pa, ó rí i. Àṣìṣe tí n kò mọ̀ pé mo ṣe, ó rí ìyẹn náà. Ó sì rí i láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gbé e sínú wá síbi ìdánwò, ó mọ̀ pé ẹni tó máa dá òun lẹ́jọ́ ni òun fẹ́ sọ ọ́ fún.

N kò ní parọ́. Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú kíákíá, bó ṣe máa ń ṣe mí. Mo fẹ́ sọ pé ta ló rán an lọ sórí òrùlé. Mo fẹ́ sọ pé ìdánwò ti parí. Ọlámidé ń wò mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi ló máa gbé Wàsíù lọ síbi tí wọ́n ti ń ra ọjà, kò sì sí ẹni tó máa bi mí. Òun náà mọ̀. Síbẹ̀ ó nà sílẹ̀ níbẹ̀, bírò wà lókè orí rẹ̀, kò nawọ́ sí i.

Mo fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Mo pa mọ́kànlélógún rẹ́, mo kọ mẹ́rìndínláàádọ́ta sí i, mo ní kó tún un ṣe. Nígbà tí èsì jáde, ibi tó jẹ́ ti ẹnu ẹ̀rọ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àmì pé ìnira ibẹ̀ ti kọjá ààlà. Ẹ̀rọ yẹn kò lè gba irú fífà bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ́ ọ bí mo ṣe yà á, á ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò ya.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀gá Junaid ṣílẹ̀kùn. “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, àwọn client ń pè mí, wọ́n fẹ́ kí drawing jáde lónìí.” Ó rí ẹni tó nà sílẹ̀. “Ah-ah. Wàsíù, kí lò ń bẹ̀ fún? Mummy, ṣé ó tún fail ni?”

Èmi ni mo dìde dúró.

“Kò fail, Ọ̀gá,” mo wí. “Ó ti yege. Èmi ni mi ò yege lónìí. Ìṣírò tí mo ṣe ò dára, òun ló bá mi rí i. Drawing yẹn ò lè jáde.”

Ọ̀gá wo Ọlámidé. Ọlámidé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó máa pẹ́?” Ọ̀gá bi mí.

“Ẹ bi ẹni tó máa fọwọ́ sí i.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó lè rí ojú rẹ̀. “Engineer Wàsíù, ó máa pẹ́?”

“Bó bá pẹ́ jù, ọjọ́ Jímọ̀ ni, sir,” Wàsíù wí. “Tí Mummy bá lè bá mi wò ó.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e dìde,” Ọ̀gá wí. “Táìlì yẹn tutù.” Ó sì jáde lọ láti lọ pe àwọn tó ni iṣẹ́.

A ò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Èmi àti Wàsíù jọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kan, a jọ ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà tí Ọlámidé rà wá. Ohun tí a ṣe ò le: a mú kí páìpù náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí òrùlé, kó lọ díẹ̀, kó ṣẹ́rí padà, kó tó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, kó lè rí ibi tẹ̀ sí nígbà tó bá ń sún kì. Mo fẹ́ kí yíyà náà sún mọ́ ògiri, Wàsíù ní ó máa dára jù láàárín. Ó tún ń wo ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo ní, “Jókòó, mo ti gbọ́.” Àárín la fi í sí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo fọwọ́ sí apá tèmi, ó fọwọ́ sí apá tirẹ̀. Nígbà tó kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn rí kọ́lọkọ̀lọ. Ó ní ṣé kóun tún un kọ. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kóòdù-rúùmù náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan án, mo bá wọn gun òkè, orúnkún mi ń dùn mí, mo ń ráhùn ní gbogbo ọ̀nà. Wàsíù ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára páìpù náà níbi ẹsẹ̀ irin tó gbé e dúró, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, tí páìpù ti tutù, a lọ wo àmì náà. Ó ti kúrò nídìí ẹsẹ̀ irin yẹn, ó ti sún tó gígùn àtàǹpàkò mi, ibi tí a wí pé yóò dé gan-an ló dé. Ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ ò mira. Wàsíù wò ó títí. Ìyá rẹ̀, Hùmúàní, dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú tòmátì rẹ̀ tó fẹ́ kó wọlé, ó ń pariwo pé, “Wàsíù! Kí lẹ̀ ń wò lókè yẹn látàárọ̀?”

Ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé, “Ó rìn, Mummy! Ó rìn!”

Ìyá rẹ̀ ní, “Kí ló rìn? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ má ṣubú!”

N kò tíì lọ sinmi. Mo ní kí n kọ́kọ́ rí ẹni kan sí i, kí Wàsíù má baà máa dá ṣe é bí mo ṣe dá ṣe é. Ajarat ló kàn, ọmọbìnrin kan tó já fáfá láti Kétu, òun náà mọ ìkúnlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí mọ́ ọn. Wàsíù ló jókòó tì mí lọ́tẹ̀ yìí. Kí Ajarat tó wọlé, Wàsíù kíyè sí i pé mo ti tẹ́ ẹní kan, ẹní tuntun, sórí táìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

“Mummy, ẹní yìí ńkọ́?”

“Ti ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ fún mi ni,” mo wí. “Ilẹ̀ yìí tutù jù.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ wo ni mo fẹ́ pa fún Ajarat.

Mo ní n kò pa irọ́ mọ́. Mo gbé ìṣírò tí mo fúnra mi ṣe sórí tábìlì, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kí n ti ṣì nínú rẹ̀, mo sì ní kó pe Ajarat wọlé, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò.